Ṣé Ohun tí Mo Mọ̀ Tó? Ìdánwò GMAT àti Yíyan Oyè Kejì

Oyè ni àwa Yorùbá ń pe digírì tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ ṣèèṣì. Ní ilẹ̀ wa, kò sí oyè tí kò ní iṣẹ́ nídìí. Ẹni tí ó bá jẹ Ìyálójà ni yóò máa parí ìjà àwọn ọlọ́jà. Ẹni tí ó bá jẹ Balógun, tí ogun bá dé, ojú rẹ̀ ni gbogbo ìlú yóò máa wò. Kí a tó fi ènìyàn jẹ oyè, a ó kọ́kọ́ wádìí bóyá apá rẹ̀ ká iṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan oyè yunifásítì, pàápàá oyè kejì, ìbéèrè tí a máa ń bi ọmọ ni, "Máàkì mélòó lo gbà?" àti "Ìlú wo lò ń lọ?" Iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi oyè náà ṣe kì í sábà wá sí ẹnu wa àfi ìgbà tí owó bá ti tán lọ́wọ́ ẹbí.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí mo ṣe múra ìdánwò tí a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, àti bí ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo fi yan oyè tí mo ń lépa.

Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ṣe olóòtú ìwé Yorùbá láti ọdún 2019. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú. Ìwé tí ó bá wà lára èyí tí àjọ ìdánwò yàn fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama a máa tà bí ẹní ta àkàrà gbígbóná. Èyí tí kò bá sí lára rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó, inú yàrá ìkẹ́rùsí ni yóò máa gbé tí eruku yóò fi bò ó. Mo lè tọ́ka sí gbogbo àmì ohùn tí ó ṣìnà nínú ìwé kan láàárín ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé èló ni kí a máa tà á, iye wo ni kí a tẹ̀, àti báwo ni yóò ṣe dé ọwọ́ olùkọ́ kan ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́, n kò ní ìdáhùn. Àwọn ọ̀gá mi pàápàá kò ní i. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo gbà. Bàámi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ní kí n ṣe M.A. nínú èdè Yorùbá, kí n sì tẹ̀ síwájú dé oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní, "Bí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí bá sá lọ sídìí okòwò, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n wá ṣe M.Sc. ọdún kan lọ́hùn-ún, ẹ̀ka yòówù kí ó jẹ́, kí n ṣáà ti dé ibẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ oníṣirò owó ní MBA ni gbogbo ayé ń ṣe, kí n lọ ra ìwé GMAT kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìsọ̀ Màámi ní ọjà Gbági, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọn kò kàwé púpọ̀, wọn kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ GMAT. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí oníbàárà bá dé síbí tí ó ní òun fẹ́ ra aṣọ, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni òde tí ó ń lọ. Ẹni tí kò bá lè sọ òde tí ó ń lọ, aṣọ wo ni kí n tà fún un? Níbo lò ń wọ oyè yìí lọ?"

Ìbéèrè yẹn ni ó là mí lọ́yẹ̀. Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú òde tí a lè wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. M.A. nínú èdè Yorùbá wà fún ẹni tí ó fẹ́ di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú èdè, lítíréṣọ̀ tàbí àṣà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì kò lè fò ó dá. M.Sc. nínú ìmọ̀ ìṣúná owó tàbí ìṣàkóso wà fún ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ẹ̀ka kan dé gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò béèrè ìrírí iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì mu. MBA, tí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1908, ń kó ẹ̀ka púpọ̀ pa pọ̀: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, ètò iṣẹ́, àti ìṣàkóso òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fẹ́ kí ẹni tí yóò ṣe é ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí pé ìrírí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn.

Òde tí èmi ń lọ ni ilé ìtẹ̀wé tí ìwé Yorùbá ti ń tà. Mo rí i pé MBA ni aṣọ òde yẹn. Mo sì rán Bàámi létí ọ̀rọ̀ I. B. Thomas, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Láàárín ọdún 1929 sí 1930 ni ó ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ìrísí lẹ́tà, kí ó tó kó wọn jọ di ìwé ní ọdún 1930. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Òǹkọ̀wé ni ọkùnrin náà, olóòtú ni, ó sì tún jẹ́ ọlọ́jà tí ó mọ bí a ṣe ń mú kí òǹkàwé padà wá ra ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bàámi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọjà gba èdè náà lọ́wọ́ rẹ."

Kí ni GMAT? Ní ọdún 1953 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò kan ní Amẹ́ríkà para pọ̀ láti wá ìdánwò kan ṣoṣo tí wọn yóò fi máa yẹ àwọn tí ó fẹ́ wọlé wò. Wọ́n ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1954. Ní 1976 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ GMAT. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ti àtijọ́ sì kógbá sílé ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe é. Ìbéèrè 64 ni ó wà nínú rẹ̀, ní ipá mẹ́ta: 21 lórí ìṣirò, 23 lórí àkàyé àti àròjinlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti 20 ní ipá tí wọ́n ń pè ní Data Insights, èyí tí ó jẹ mọ́ kíka àtẹ, àwòrán àti ìsọfúnni. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún ipá kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣe ń gbà á sí ni ìbéèrè tí ń bọ̀ yóò máa le sí i. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 205 dé 805, ọdún márùn-ún ni a sì lè fi lò ó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé àlòkù fún ìdánwò yìí ní láti ṣọ́ra. Ìbéèrè lórí igun àti òbírípo, àtúnṣe gírámà Gẹ̀ẹ́sì, àti àròkọ tí ó wà nínú ti àtijọ́ kò sí nínú ti tuntun mọ́. Bákan náà, ẹni tí kò bá tíì dá a lójú bóyá okòwò ni òun yóò kọ́ tàbí ẹ̀ka mìíràn lè gbé GRE yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ni ó ń gbà á, àwọn ẹ̀ka mìíràn náà sì ń lò ó.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó lé ní 200 dọ́là. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Nípa bẹ́ẹ̀, owó ìdánwò kan ṣoṣo ti kọjá 300,000 náírà, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000. Owó àjọ tí mo dá fún ọdún kan ni mo fi san án. Ẹni tí ó san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní bá ìdánwò ṣeré.

Oṣù márùn-ún ni mo fi múra. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí, kí ọmọ wa tó jí, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ìṣirò ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé wọn kò gbà kí a lo ẹ̀rọ ìṣirò ní ipá yẹn. Níbẹ̀ ni èdè mi ti gbà mí. Ẹ wo 19 lọ́nà 45. Ẹni tí ó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀kàndínlógún ni àwa ń pè é, ìyẹn ni pé ó ku ọ̀kan kí ó pé ogún. Ogún lọ́nà 45 jẹ́ 900. Yọ 45 kan kúrò, ó ku 855. Láti ìgbà èwe wa ni èdè wa ti ń kọ́ wa pé kí a lọ sí iye tí ó rọrùn, kí a sì dín ohun tí ó lé kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ èyí.

Ipá Gẹ̀ẹ́sì náà kò ṣàjèjì sí mi. Ẹni tí ó bá ti dáhùn ìbéèrè lórí àkàyé nínú ìdánwò Yorùbá mọ̀ pé inú àyọkà ni ìdáhùn wà, kì í ṣe inú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá sì ti tú òwe mọ̀ pé ohun tí onísọ̀rọ̀ gbà láìsọ máa ń ju ohun tí ó sọ jáde lọ. Ohun kan náà ni àwọn ìbéèrè àròjinlẹ̀ wọn ń wá: kí ni ẹni yìí gbà láìsọ, tí ó jẹ́ pé bí a bá fà á yọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wó?

Èyí tí ó yí èrò mi padà jù lọ ni irú ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní Data Sufficiency. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo ṣe fúnra mi ṣàlàyé rẹ̀. Obìnrin kan ta ata ní ọjà Bódìjà lánàá. Èló ni èrè rẹ̀? Àlàyé kìn-ín-ní: èrè náà jẹ́ ìdá 20 nínú 100 iye tí ó fi ra ata. Àlàyé kejì: 60,000 náírà ni ó ta gbogbo rẹ̀. Wọn kò ní kí o sọ iye èrè náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá àlàyé tí o ní tó láti fi mọ̀ ọ́n. Àlàyé kìn-ín-ní nìkan kò tó, nítorí pé a kò mọ iye tí ó fi rà á. Èkejì nìkan kò tó. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ó tó: 50,000 ni ó rà á, 10,000 ni èrè. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú wọn a dá tó. Nígbà mìíràn, méjèèjì pọ̀, síbẹ̀ kò ní tó, ìdáhùn tí ó tọ̀nà sì ni pé kí o sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí ṣòro fún àwa tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé gbogbo ìbéèrè gbọ́dọ̀ ní iye kan ní ìsàlẹ̀ tí a fa ìlà méjì sí. Ó gbà mí ní oṣù kan kí ó tó mọ́ mi lára láti sọ pé, "Ohun tí mo mọ̀ kò tó," láìjẹ́ pé ojú ń tì mí.

Mo ṣe ìdánwò náà ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. A lè ṣe é nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n n kò lè fi 300,000 náírà sábẹ́ iná tí ó lè lọ nígbàkigbà. Mo gba 645. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó kígbe lórí fóònù pé kò sí ohun tí yóò dá mi dúró mọ́. Ní ọjọ́ kejì, Bàámi pè mí. Wọ́n ní pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì wà lọ́nà Mọ́níyà tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, pé wọn yóò tà á kí n lè bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ní yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti máàkì.

Mo gbé bébà, mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè inú ìdánwò. Ìbéèrè: ǹjẹ́ lílọ sí òkè òkun yóò jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi oyè yìí ṣe? Àlàyé kìn-ín-ní: máàkì mi tó láti mú kí ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa yẹ̀ mí wò. Àlàyé kejì: ilẹ̀ Bàámi lè san owó ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan kò tó. Méjèèjì pọ̀, kò tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ó kù.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì ni MBA sábà máa ń gbà, owó ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí wọn kàn sì lé ní 200,000 dọ́là fún ọdún méjèèjì. INSEAD ní Fáránsé, tí a dá sílẹ̀ ní 1957, ń ṣe tirẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ náà kọjá agbára wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, òfin kò gbà mọ́ kí ẹni tí ó wá ṣe irú oyè kejì tí a ń kọ́ ní kíláàsì mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání lórí físà akẹ́kọ̀ọ́. Èmi sì ní ọkọ àti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gbèsè dọ́là, owó oṣù dọ́là nìkan ni ó lè san án. Kò sí ilé ìtẹ̀wé Yorùbá tí ń san dọ́là. Bí mo bá gba ọ̀nà yẹn lọ, gbèsè ni yóò yan iṣẹ́ fún mi, kì í ṣe èmi. Nígbà tí àlàyé yìí wọlé, ìdáhùn hàn: rárá.

Mo sọ fún Bàámi pé kí ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọn kò fèsì lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní MBA wà nílé náà. Lagos Business School ti wà láti ọdún 1991. Yunifásítì Èkó, ti Ìbàdàn àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ń ṣe é. Mo yan èyí tí mo lè máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo bá kọ́ ní Sátidé, mo máa ń lò ó ní Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Ká ní ìmúrasílẹ̀ ìwé kan kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, láti orí iṣẹ́ olóòtú dé orí àwòrán ẹ̀yìn ìwé, ná wa ní 300,000 náírà. Bí a bá tẹ 500, 600 náírà ni yóò kan ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan nínú owó yẹn. Bí a bá tẹ 2,000, 150 péré ni. Ṣùgbọ́n bí 1,500 bá sùn sí yàrá ìkẹ́rùsí, a ti pàdánù ju èyí tí a rí fi pamọ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ báyìí kí a tó tẹ̀wé, láti mọ iye tí wọ́n ń fẹ́. Ìwé eré onítàn kan tí a fi ọ̀nà yìí tẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá ti kúrò nílẹ̀ pátá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára ìwé tí àjọ ìdánwò yàn.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí òkè òkun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀rẹ́ mi oníṣirò owó lọ ṣe M.Sc. nínú ìmọ̀ ìṣúná owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe é re, nítorí pé ilé ìfowópamọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ni ó san án, ó sì mọ àga tí ó ń padà wá jókòó lé. Ohun tí ó mọ̀ tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ GMAT ṣì jìnnà sí yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ ó yan ohun tí ẹ ó kà ní yunifásítì ti sún mọ́lé. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹ tó san owó kankan: iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi oyè náà ṣe, ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ó kà, ẹni tí yóò san owó rẹ̀ àti ohun tí yóò tà kí ó tó lè san án, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá parí rẹ̀ tí iṣẹ́ náà kò yá. Bí ìdáhùn kan bá ṣófo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá dé ọ́fíìsì yín tí ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ kà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a wí, ẹ má sì yára yan ẹ̀ka fún un. Ẹ fún un ní àga. Ẹ bi í ní òde tí ó ń lọ.